Bí A Ṣe Ń Sọ Owó Oṣù Di Ìtàn Kí Ọjọ́ Keje Tó Pé

Ìwé tí wọ́n kọ lórí bí ènìyàn ṣe ń di olówó pọ̀ lórí àtẹ ní ọjà Dùgbẹ̀. Mo ti ra mẹ́rin nínú wọn. Àwọn tó kọ wọ́n ti lówó. Owó tèmi wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n n kò tíì rí ìwé kankan fún irú àwa tí owó ń wọlé fún lóṣooṣù, tí ọjọ́ keje oṣù kì í sì í bá nǹkan kan lọ́wọ́ wa. Ohun tó mú mi jókòó kọ èyí nìyẹn. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ ìwé-ẹ̀rí tí mo ní, ẹ gbọ́. Lọ́dún tó kọjá, owó oṣù mi wọlé lọ́jọ́ Ẹtì. Ní Ọjọ́rú tó tẹ̀ lé e, mo yá 500 náírà lọ́wọ́ ọlọ́kadà tí mo fẹ́ san 300 fún. Ó yọ 300 tirẹ̀ níbẹ̀, ó ka 200 lé mi lọ́wọ́. Mo tún dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Kí ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀, àwọn kan wà tí mo fẹ́ bẹ̀ kí wọ́n jáde ní kíláàsì. Oṣù Keje 2024 ni ìjọba àpapọ̀ sọ owó oṣù tó kéré jù lọ di 70,000 náírà. Kí ọdún náà tó parí, àpò ìrẹsì kan ti ju iye yẹn lọ. Ẹni tó ń fi irú owó bẹ́ẹ̀ bọ́ ọmọ mẹ́ta, tó ń fi wọkọ̀ lọ síbi iṣẹ́, tó sì tún ń fi nǹkan ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ nílé, ẹni náà kò gọ̀ rárá. Ìṣirò tó ń ṣe lójoojúmọ́, ọ̀gá báǹkì kò lè ṣe é. Kò sí ohun tí èmi lè kọ́ ọ. Dìndìnrìn tí mo ń bá wí ni ẹni tí owó rẹ̀ ìbá tó o, bí kò bá jẹ́ pé òun ló ni ín.

Ó dáa. Ẹ jókòó.

Ẹ̀kọ́ kìíní: Orí ni kí o fi ṣe ìwé

Má kọ ohunkóhun sílẹ̀. Ìwé kò lójú àánú. Ohun tí o bá kọ lónìí, yóò bá ọ sọ ọ́ lọ́la láìbẹ̀rù. Orí dára jù, nítorí orí mọ ojú ẹni tó ni ín. Bí o bá bi í ní òpin oṣù pé, "Owó ọ̀hún dà?", yóò dá ọ lóhùn wọ̀ọ́rọ́wọ́ pé, "Oúnjẹ àti owó ọkọ̀ ni." Kò ní í mẹ́nu ba súyà. Kò ní í rántí ọtí tí o rà fún àwọn mẹ́rin tí o kò mọ̀ rí, nítorí pé ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tí ẹ jọ ń tì lẹ́yìn gbá góòlù wọlé ní ìṣẹ́jú àádọ́rùn-ún.

Bí o bá ti fi orí ṣe ìwé tán, máa wá ra ohun gbogbo ní ẹyọ ẹyọ. Ẹyọ kì í dun ènìyàn. Ẹ wo omi inú ọ̀rá. Mo ń ra tèmi ní 50 náírà, ọ̀kan lówùúrọ̀, ọ̀kan lọ́sàn-án, méjì bí oòrùn bá mú. Ogún ló wà nínú àpò kan. Ìyá tó ń tà á lójúde wa ń gba 400 lórí àpò. Èmi ń san 1,000 lórí omi 400, mo sì ń rìn lọ láàárín àdúgbò bí ẹni tó ń ṣọ́wó ná. Káàdì ìpè ńkọ́? Mo yá 1,000, 850 ló wọlé. Bí mo bá wá ra 1,000 tèmi, wọ́n á gbà á lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ fún gbèsè àná, mo tún ní láti yá òmíràn. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń bá a bọ̀. Ó pẹ́ tí mo ti fi káàdì tó jẹ́ tèmi gan-an pe ẹnikẹ́ni.

Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni ti POS. N kì í gba owó púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan, nítorí ẹ̀rù ń bà mí pé màá ná an. Nítorí náà, 2,000 lówùúrọ̀, 2,000 nírọ̀lẹ́, 100 náírà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí mo bá fi ọjọ́ ìsinmi sílẹ̀, iye yẹn lé ní 5,000 lóṣù, tí mo fi ń gba owó ara mi lọ́wọ́ ọmọdébìnrin kan tó jókòó sábẹ́ agbòòrùn. Òótọ́ ni pé ní oṣù Kejì 2023, nígbà tí náírà tuntun kò sí, tí àwọn ọlọ́jà kò sì fẹ́ gba ògbólógbòó, gbogbo wa la fi owó ra owó. Dandan ló fà á nígbà yẹn. Ìwọ, máa bá a lọ lẹ́yìn tí dandan ti tán.

Ẹ̀kọ́ kejì: Jẹ́ kí Sẹ̀tẹ́ńbà bá ọ lójijì

Àwọn àgbà ní ó ń bọ̀, ó ń bọ̀, àwọ̀n là ń dẹ dè é. Àgbà ni wọ́n, wọ́n ráyè. Ìwọ má dẹ nǹkan kan.

Sẹ̀tẹ́ńbà ni àwọn ọmọ ń wọlé padà sí kíláàsì tuntun. Bẹ́ẹ̀ ló rí kí wọ́n tó bí ọ. Síbẹ̀, lọ́jọ́ tí ọmọ bá gbé ìwé owó ilé-ìwé wá bá ọ, fò dìde. Ká ọwọ́ lérí. Sọ pé, "Háà! Wọ́n tún ti wọlé?" Sọ ọ́ bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ibi tí kò yẹ. Lẹ́yìn náà, bínú sí ilé-ìwé náà. Bínú sí ìjọba. Bínú díẹ̀ sí ọmọ náà pàápàá, pé ó ń dàgbà jù.

Owó ilé náà, bákan náà ni. Tiwa jẹ́ 360,000 lọ́dún. Ẹni tó bá gbọ́n yóò pín in sí 12, á rí 30,000, á sì máa gbé e pamọ́ lóṣooṣù kó tó gbóòórùn rẹ̀. Dìndìnrìn kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Oṣù 11 gbáko ni yóò fi máa gbé inú ilé náà bí ẹni pé bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ. Bí ó bá di oṣù kejìlá, á bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹ̀yìnkùlé wọlé kí lanlọ́ọ̀dù má bàa rí i. Mo mọ ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé wa dáadáa. Ìṣó kan wà lára ògiri ibẹ̀ tó mọ gbogbo ṣòkòtò mi.

Iléyá nìkan ló ní àwáwí díẹ̀, nítorí ó máa ń sún síwájú ní nǹkan bí ọjọ́ 11 lọ́dọọdún. Ṣùgbọ́n àgbò tí wọ́n so mọ́ ẹ̀gbẹ́ títì láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú, tó ń ké tọ̀sán-tòru, kí lo rò pé ó ń sọ?

Ní àdúgbò wa, ìyá kan wà tó ń ta ata gígún. Òun kò lọ sí yunifásítì. Láràárọ̀, aláájọ máa ń dúró sí iwájú ìsọ̀ rẹ̀, ìyá á fún un ní 500 náírà, aláájọ á fi báírò sàmì sí ojú ilé kan lórí káàdì. Ilé 31 ló wà lórí káàdì náà. Bí ó bá kún, 15,500 nìyẹn; 500 ọjọ́ kan jẹ́ ti aláájọ fún ẹsẹ̀ tó ń rìn, 15,000 jẹ́ ti ìyá. Nígbà tí Sẹ̀tẹ́ńbà bá dé, kì í ké háà. Mo bi í lọ́jọ́ kan pé ṣé kò dùn ún pé ó ń san owó fún ẹni tó ń bá a tọ́jú owó ara rẹ̀. Ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀. Ó ní, "Bó bá wà lọ́wọ́ mi ńkọ́, Bàbá Ṣadé, ta ni màá san án fún?" Mo rẹ́rìn-ín, mo kọjá lọ. Dìndìnrìn kì í san 500 fún aláájọ. Ẹ ó gbọ́ iye tó ń san àti ẹni tó ń san án fún láìpẹ́.

Èsúsù náà wà, tó ti pẹ́ débi pé Samuel Johnson sọ̀rọ̀ rẹ̀ nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921. Àwọn baba ńlá wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí òkè òkun sì gbé e dání, tí àwọn ará Trinidad fi ń pè é ní susu títí dòní. Bí o bá gbọdọ̀ dá a, bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n jẹ́ kí o kọ́kọ́ kó. Ẹ̀yin mẹ́wàá, 20,000 lẹ́nì kọ̀ọ̀kan: 200,000 bọ́ sí ọ lọ́wọ́ ní Jánúárì. Fi ra tẹlifíṣọ̀n tó gùn ju ògiri lọ. Iná mọ̀nàmọ́ná yóò bà á jẹ́ ní Máàṣì. Oṣù tó kù, ìwọ yóò máa san 20,000 lórí òkúta dúdú kan tí o fi aṣọ bò ní pálọ̀.

Ẹ̀kọ́ kẹta

Mo ti yá ẹnì kan. Kò tíì dá a padà.

Ẹ̀kọ́ kẹrin: Aṣọ ẹbí, tàbí bí 45,000 ṣe ń bímọ

Níbi yìí, mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀, nítorí ibi tí èmi gan-an ti gboyè nìyí.

Ìyá ọ̀rẹ́ mi kan kú, ẹni ọdún 84. Ká sọ òótọ́, ìgbà méjì ni mo rí màmá náà láyé. Lálẹ́ ọjọ́ Àìkú kan, iṣẹ́ wọlé sórí WhatsApp: "Aṣọ ti délẹ̀ o, ẹ̀yin ẹni iyì. 45,000 péré. Kí á má jẹ́ kí ó pẹ́, ó ń tán lọ." Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà "péré". Ẹ wo "ẹni iyì". Àwọn tó kọ ọ́ mọṣẹ́. Ta ni yóò jókòó láàárín èrò tó wọ aṣọ aláwọ̀ èlùbọ́, kí òun nìkan wọ àǹkárá àtijọ́, tí wọ́n á gbé e sí tábìlì àwọn tó yà wá jẹun? Mo sanwó lálẹ́ ọjọ́ náà. Mo sọ fún Ìyá Ṣadé, ìyàwó mi, pé 25,000 ni.

Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ nìyí: má ka nǹkan mìíràn mọ́ ọn. Aṣọ nìkan ni aṣọ ẹbí. Gbàgbé pé aṣọ kì í fúnra rẹ̀ di agbádá. Télọ̀ wa, tó mọ̀ pé ọjọ́ ìnáwó kò ṣe é sún, gba 15,000. Fìlà wà lọ́tọ̀, 8,000, nítorí àwọn aláyẹyẹ ti yan àwọ̀ tí kò sí ẹnikẹ́ni tó ní i nílé. Bàtà mi dúdú, fìlà náà pupa. N kò fẹ́ sọ̀rọ̀ bàtà. Ọkọ̀ lọ sí Ìjẹ̀bú-Igbó, àti àbọ̀. Lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn, àwọn obìnrin jókòó pẹ̀lú owó tuntun nínú báàgì: o fún wọn ní 10,000, wọ́n fún ọ ní 50 náírà 50 náírà tó jẹ́ 8,000. Òfin báǹkì àpapọ̀ ti 2007 ní ẹni tó bá ń ná náírà mọ́ ènìyàn lórí níbi àríyá tàbí tó ń jó lórí rẹ̀ lè fẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà, ó kéré tán, jura, tàbí kó san 50,000, ó kéré tán, tàbí kó jẹ méjèèjì. Nígbà tí onílù pe oríkì ilé bàbá mi, tó sì pè é dáadáa, mo rò pé 50,000 kò pọ̀ jù.

Ohun tí mo gbé bọ̀ nílé ni abọ́ oníke kan, súyà tútù nínú fọ́ìlì, àti ìwé àkọsílẹ̀ aláwọ̀ búlúù tí wọ́n tẹ àwòrán màmá olóògbé sí lẹ́yìn, tó ń rẹ́rìn-ín. Mo ju ìwé náà sí orí tábìlì. Ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀, a ó padà wá bá a.

Ẹ̀ka kan wà lábẹ́ ẹ̀kọ́ yìí: má sọ "kò sí" fún ẹbí. Bí àbúrò ìyá rẹ bá pè láti ilé pé òrùlé ń jò, má sọ pé, "Ẹ̀gbọ́n, 5,000 ni mo ní." Òótọ́ bẹ́ẹ̀ a máa dójú tini. Sọ pé, "Ẹ pè mí lọ́jọ́ Ẹtì, màá wá nǹkan ńlá sí i." Lọ́jọ́ Ẹtì, pa fóònù. Ó ti ná 500 náírà káàdì lórí ìpè rẹ, òrùlé ṣì ń jò, ìwọ náà kò sì sùn. Ohun tí 5,000 ìbá ti parí nìyẹn.

Ẹ̀kọ́ karùn-ún: Yá a

Ayáwó-àìsan bẹ̀gi dínà, ṣùgbọ́n ṣé ìwọ nìkan ló ń gba ọ̀nà náà ni?

Láyé àwọn bàbá wa, olówó èlé kan wà tí wọ́n ń pè ní sogúndogójì. Yá ogún, dá ogójì padà. Ẹ bọ̀wọ̀ fún un: kò fi nǹkan kan pa mọ́, orúkọ rẹ̀ ni ìṣirò rẹ̀. Àwọn Ìjẹ̀ṣà oníṣòwò náà wà, tí wọ́n ń kiri aṣọ láti ìlú dé ìlú, tí wọ́n ń tà á láwìn. Bí ọjọ́ owó bá pé tí o kò san, á wá lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà rẹ, á ní òṣó ni òun máa ló títí òun á fi gbowó òun. Bí wọ́n ṣe dẹni tí à ń pè ní òṣómàáló nìyẹn. Ìtìjú ńlá ni, ṣùgbọ́n ará ilé àti aládùúgbò nìkan ló ń rí i.

Tìrẹ ti rọrùn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Fóònù nìkan lo nílò. Áàpù kan ní kí n yá 20,000, kò bi mí ní ohun tí mo fẹ́ fi ṣe, ó kàn ní kí n jẹ́ kí òun wo orúkọ àwọn ènìyàn inú fóònù mi. Mo ní kó wò ó. Kí ló fẹ́ fi wọ́n ṣe? 16,000 ló wọlé; wọ́n ní wọ́n ti yọ owó iṣẹ́. Lẹ́yìn ọjọ́ 14, wọ́n ní kí n mú 22,000 wá. Ìyẹn ni pé mo san 6,000 lórí 16,000 láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, èmi tó ń fi aláájọ ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí 500 lóṣù.

N kò rí i san. Ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, òṣómàáló tuntun náà lóṣòó, kì í ṣe sí ẹnu ọ̀nà mi, inú fóònù gbogbo ẹni tí mo mọ̀ láyé ni. Wọ́n fi àwòrán mi ránṣẹ́ sí ọ̀gá mi níbi iṣẹ́. Wọ́n fi ránṣẹ́ sí àna mi l'Óṣogbo, sí fọkanáísà, sí ẹni tó ń bá wa tún jẹnẹrétọ̀ ṣe. Obìnrin kan tí mo ra ewúrẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní 2019, tí mo kọ orúkọ rẹ̀ sínú fóònù bí "Ìyá Ewúrẹ́", òun ló kọ́kọ́ pè. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Wọ́n ní ẹ ti sá lọ. Ṣé kò sí o?" Mo ní kò sí. Ó gbàdúrà fún mi fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ta, káàdì rẹ̀ ló ń ná.

Iṣẹ́ náà dé fóònù Ìyá Ṣadé pẹ̀lú. Ó ń ṣa ẹ̀wà nígbà náà. Ó wo fóònù, ó wò mí, ó padà sórí ẹ̀wà rẹ̀.

Láti 2022 ni àjọ FCCPC, tó ń gbèjà oníbàárà, ti ń forúkọ àwọn ayánilówó orí fóònù sílẹ̀, tí ènìyàn fi lè wò bóyá èyí tó fẹ́ bá ṣe wà lábẹ́ òfin. Dìndìnrìn kì í wo ìwé ẹnikẹ́ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni kì í sún mọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, tó ti ní òfin tirẹ̀ ní Nàìjíríà láti 1935. Nínú ti ibi iṣẹ́ wa, bí o bá ti ń fowó pamọ́ fún oṣù mẹ́fà, o lè yá ìlọ́po méjì iye tí o ní níbẹ̀, èlé rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Ṣùgbọ́n wọ́n máa ń bi ènìyàn ní ìbéèrè. Wọ́n fẹ́ onídùúró méjì. Akọ̀wé á gbójú sókè láti inú ìwé ńlá rẹ̀, á ní, "Kí lẹ fẹ́ fi ṣe, sà?" Ta ló lè dúró níwájú ọkùnrin yẹn kó sọ pé fìlà pupa ni?

Bí gbogbo ilẹ̀kùn bá tì, kóló ọmọ ń bẹ. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni Ṣadé, kóló rẹ̀ wà lẹ́yìn àpótí. Mú ẹyọ ìgbálẹ̀ méjì. Jẹ ṣíngọ̀ọ̀mù kan fún ìṣẹ́jú kan, má jẹ́ kó pẹ́ jù kó má bàa le, lẹ̀ ẹ́ mọ́ orí wọn. Dojú kóló kọ iná kí o lè rí inú ihò. Fi sùúrù fà á. 200 náírà máa ń jáde wẹ́rẹ́. 1,000 máa ń ká kọ́ síbi ihò, fẹ́ atẹ́gùn sí i díẹ̀. Ó gbà mí ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan. Iṣẹ́ ọwọ́ dára.

Ẹ̀kọ́ kẹfà kò gùn. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún ọ pé owó rẹ yóò lé 30 lórí ọgọ́rùn-ún lóṣù kan, má bi í pé níbo ló ti ń wá. Iye tí ètò owó jìbìtì MMM ṣèlérí nìyẹn, kí wọ́n tó ti ilẹ̀kùn ní Dìsẹ́ńbà 2016, tí Kérésì ku ọ̀sẹ̀ méjì péré. Orúkọ máa ń yí padà. 30 kì í yí.

Ẹ̀kọ́ tó kẹ́yìn: Má jẹ́ kí ìyàwó mọ iye tó ń wọlé

Látayébáyé ni àpò ọkọ ti ń wà lọ́tọ̀, tí ti ìyàwó ń wà lọ́tọ̀. Obìnrin Yorùbá kì í ṣòwò kó kó èrè rẹ̀ fún ọkọ, kò sì sí àbùkù níbẹ̀. Ìlọsíwájú tí mo mú bá àṣà náà ni pé kí ẹnu tọkọtaya náà wà lọ́tọ̀. Bí ó bá béèrè iye owó oṣù, sọ pé wọn kò tíì san. Bí ó bá ti rí àlẹ́ẹ̀tì, sọ pé gbèsè ni wọ́n yọ. Kò ní í béèrè mọ́ nígbà tó bá yá. Ilé á wá dákẹ́ rọ́rọ́. Ìwọ á pe ìdákẹ́jẹ́ yẹn ní àlàáfíà.

Láti 2021 ni mo ti ń fi 2,000 náírà sílẹ̀ fún owó oúnjẹ láràárọ̀, lábẹ́ jọ́ọ̀gì tó wà lórí fìríìjì. N kò yẹ̀ rí, àfi lọ́jọ́ tí mo bá yẹ̀. Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún 2023, Ààrẹ Tinubu kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti lọ. Epo tó wà lábẹ́ 200 náírà fò ré kọjá 480 kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí. Onímọ́tò gbọ́. Tòmátì gbọ́. Ológì tó wà lójú ọ̀nà wa, tí kò ní rédíò, gbọ́. 2,000 abẹ́ jọ́ọ̀gì nìkan ni kò gbọ́. Síbẹ̀, lálaalẹ́, oúnjẹ ń bẹ lórí tábìlì, ẹja sì ń bẹ nínú ọbẹ̀. Mo máa ń jẹ ẹ́, mo sì máa ń sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ mi pé bí ọkùnrin bá mọ owó ṣọ́, nǹkan kò le tó bí àwọn ènìyàn ṣe ń pariwo.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo nawọ́ sínú garawa ìrẹsì. Ẹ má bi mí ní ohun tí mo ń wá. Àwọn obìnrin máa ń tọ́jú owó sínú ìrẹsì, gbogbo ayé ló mọ̀. Owó kọ́ ni ọwọ́ mi bà. Ọ̀rá dúdú ni, ìwé àkọsílẹ̀ aláwọ̀ búlúù kan wà nínú rẹ̀, màmá olóògbé Ìjẹ̀bú-Igbó sì ń rẹ́rìn-ín sí mi lẹ́yìn ìwé.

Ìwé náà ti fẹ́ẹ̀ kún. Ọwọ́ Ìyá Ṣadé kéré, ó sì gún.

"Mọ́ńdè. Bàbá Ṣadé 2,000. Ata àti tòmátì 1,800. Ẹja 2,500. Gáàsì kílò méjì 2,400. Mo fi 4,700 kún un. Àjọ 500."

"Túsìdè. Bàbá Ṣadé 2,000. Ó gba 1,000 padà fún ọkọ̀. Àjọ 500."

Ojú ìwé lẹ́yìn ojú ìwé, bẹ́ẹ̀ ni. Níbì kan, ó kọ ọ́ pé owó ilé-ìwé Ṣadé ku 18,000, àjọ oṣù yìí á gbé e kúrò. Mo jókòó sórí àga kíṣìnì. Mo ti rò pé ilé-ìwé náà ní sùúrù ni. Níbòmíràn, ó fa ìlà sí abẹ́ ọ̀rọ̀ kan: "Kóló Ṣadé. Ó yẹ kó jẹ́ 7,400. 4,200 ni mo kà." Kò kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sí iwájú rẹ̀.

Ohun tí ìwé tèmi yìí là sílẹ̀ fún irú àsìkò bẹ́ẹ̀ hàn kedere: dá a padà sínú ọ̀rá, fi ìrẹsì bò ó, jáde lọ bá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ. Mo dá a padà. Mo fi ìrẹsì bò ó. Mo dé ẹnu ọ̀nà, mo padà, mo tún gbé e jáde. Mo wá báírò, báírò kò sí. Pẹ́ńsù Ṣadé ni mo rí, orí rẹ̀ ti jẹ. Mo ṣí ojú ìwé tí kò tíì lọ́rọ̀, mo kọ ọ́ láti òkè:

"Bàbá Ṣadé. Aṣọ Ìjẹ̀bú-Igbó 45,000 (mo pè é ní 25,000). Fìlà 8,000. Owó tuntun 10,000. Áàpù 22,000. Ọlọ́kadà 500. Kóló 3,200, èmi ni."

Lẹ́yìn náà, mo kọ iye owó oṣù mi sí ìsàlẹ̀, gbogbo rẹ̀, mo fa ìlà yí i ká. Mo fi ìwé náà síbi tí mo ti bá a, mo ro ìrẹsì lé e lórí. N kò sọ nǹkan kan lálẹ́ ọjọ́ náà. Ìyá Ṣadé náà kò sọ nǹkan kan.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo lọ fi 2,000 sábẹ́ jọ́ọ̀gì. Ìwé náà wà lórí fìríìjì, kò sí nínú ọ̀rá mọ́, ó ṣí sílẹ̀ sí ojú ìwé mi. Ó ti fi báírò pupa ṣe àròpọ̀ gbogbo rẹ̀. Lábẹ́ àròpọ̀ náà, pẹ̀lú ọwọ́ kéékèèké tó gún yẹn, ó kọ ọ̀rọ̀ méjì:

"Télọ̀ ńkọ́?"